Títẹ Bọ́tìnì Kì Í Ṣe Ìyọ̀ǹda

Kò sí ẹni tó ń lo ayélujára lónìí tí kò mọ àpótí ìkìlọ̀ tó máa ń bo ojú òpó kí a tó rí ohun tí a wá kà. Àpótí náà á ní àwọn àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ àwọn fẹ́ lo kúkì. Á gbé bọ́tìnì ńlá tó ń tàn yòò síwájú wa pé ká gbà, á sì fi ibi tí a ti lè kọ̀ pamọ́ sẹ́yìn ojú ewé méjì tàbí mẹ́ta. Ọ̀pọ̀ èèyàn á tẹ “mo gbà”, wọ́n á sì bá tiwọn lọ. Ní ojú àwọn ilé-iṣẹ́ tó gbé àpótí náà kalẹ̀, èèyàn ti yọ̀ǹda nìyẹn. Ohun tí mo fẹ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ níbí ni pé irú ìyọ̀ǹda bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ìyọ̀ǹda rárá. Bí a bá to irú àpótí bẹ́ẹ̀ jọ títí di ọ̀la, wọn kò ní tún nǹkan kan ṣe. Inú bùráúsà fúnra rẹ̀, ìyẹn ẹ̀rọ tí a fi ń wọ ayélujára bíi Chrome, Safari, Firefox àti Opera, ni ó yẹ kí ìpinnu wa wà, kí òfin sì mú gbogbo ojú òpó ní dandan láti tẹ̀ lé e.

Ó yẹ ká mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀ wá. Lọ́dún 1994, Lou Montulli, onímọ̀ kọ̀ǹpútà ní ilé-iṣẹ́ Netscape, gbé kúkì jáde. Ìṣòro tó ń wá ojútùú sí kò ní àbòsí nínú. Nígbà náà, ojú òpó kì í rántí ẹni. Bí èèyàn bá ṣa ọjà tó fẹ́ rà, tó wá ṣí ojú ewé mìíràn, ojú òpó náà á ti gbàgbé ohun tó ṣà. Kúkì jẹ́ àkọsílẹ̀ kékeré tí ojú òpó ń fi sínú bùráúsà, tí bùráúsà á sì máa fi hàn án nígbàkígbà tí a bá padà wá. Ojú òpó kan kò sì lè ka kúkì tí òmíràn fi síbẹ̀. Àmọ́ ojú ewé kan ṣoṣo lè ní ẹ̀yà tó ti ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ mẹ́wàá wá: àwòrán láti ibì kan, ìpolówó ọjà láti ibòmíràn, bọ́tìnì Facebook láti ibi kẹta. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló lè fi kúkì tirẹ̀ sílẹ̀. Ilé-iṣẹ́ ìpolówó tí ẹ̀yà rẹ̀ bá wà lórí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ojú òpó á wá máa rí ẹnì kan náà níbi tó ti ń ka ìròyìn, níbi tó ti ń wádìí nípa àìsàn, níbi tó ti ń wá iṣẹ́ àti níbi tó ti ń wá owó yá. Ẹni náà kò sì bá ilé-iṣẹ́ yẹn da ohunkóhun pọ̀ rí.

Àwọn tó ṣe kúkì rí ewu yìí láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí David Kristol àti Montulli kọ ìlànà àkọ́kọ́ lórí bí kúkì yóò ṣe máa ṣiṣẹ́, èyí tó jáde lóṣù Kejì ọdún 1997 lábẹ́ orúkọ RFC 2109, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé bùráúsà kò gbọdọ̀ máa bá ilé-iṣẹ́ tí ẹni tó ń lò ó kò mọ̀ọ́mọ̀ tọ̀ lọ ṣe pàṣípààrọ̀ kúkì, àyàfi tí ẹni náà bá fúnra rẹ̀ ní kó máa ṣe bẹ́ẹ̀. Netscape àti Microsoft, tí bùráúsà wọn gbòde nígbà náà, kò tẹ̀ lé e. Wọ́n fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu, òwò ìpolówó sì gba ibẹ̀ wọlé. Mo mẹ́nu ba ìtàn yìí nítorí pé àwọn kan máa ń sọ̀rọ̀ bíi pé bí Ọlọ́run ṣe dá ayélujára nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Èèyàn ló pinnu pé “bẹ́ẹ̀ ni” ni kó jẹ́ ìdáhùn ẹni tí kò tíì la ẹnu, èèyàn náà ló sì lè yí i padà.

Kúkì nìkan kọ́ ni wọ́n fi ń tọpa wa. Bùráúsà máa ń sọ bí ojú fóònù tàbí kọ̀ǹpútà ṣe fẹ̀ tó, èdè tí a ń lò, irú ẹ̀rọ tó wà lọ́wọ́ wa àti ọ̀pọ̀ nǹkan kéékèèké mìíràn fún ojú òpó tó bá béèrè. Lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọn kò já mọ́ nǹkan. Bí a bá kó wọn pọ̀, wọ́n á di àmì ìdánimọ̀. Lọ́dún 2010, Peter Eckersley ti àjọ Electronic Frontier Foundation tẹ ìwádìí kan jáde lórí èyí. Nínú àwọn bùráúsà tó yẹ̀ wò, 83.6 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní àmì tí kò sí ẹlòmíràn tó ní irú rẹ̀ nínú gbogbo àkọsílẹ̀ náà. Ẹni tó bá ń pa kúkì rẹ́ lójoojúmọ́ kò tíì bọ́, torí pé àmì yìí kò sí níbi tó ti lè pa á rẹ́. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ ìyọ̀ǹda fi ju kí a kàn mọ ibi tí a ti ń nu kúkì lọ.

Yúróòpù ló kọ́kọ́ fi òfin tó lágbára kojú ọ̀rọ̀ náà. Òfin tí Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe lọ́dún 2002, tí wọ́n tún ṣe lọ́dún 2009, sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi nǹkan pamọ́ sínú ẹ̀rọ ẹlòmíràn, tàbí kí ó ka ohun tó wà nínú rẹ̀, láìgba ìyọ̀ǹda, àfi èyí tí iṣẹ́ tí ẹni náà béèrè fún kò lè ṣe kó má lò. Òfin GDPR tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 25 oṣù Karùn-ún ọdún 2018 wá sọ ohun tó ń jẹ́ ìyọ̀ǹda: kí ẹni náà ṣe é láìsí ipá, kó dá lórí ohun kan pàtó, kó mọ ohun tó ń gbà sí, kó sì hàn gbangba pé ó gbà. Ó fi kún un pé bó ṣe rọrùn láti yọ̀ǹda ni ó gbọ́dọ̀ rọrùn láti fà á padà. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá ọdún 2019, ilé ẹjọ́ àgbà Àjọ náà dá ẹjọ́ Planet49, ilé-iṣẹ́ tó ṣe ìdíje oríire lórí ayélujára ní Jámánì, tó sì ti fàmì sínú àpótí ìyọ̀ǹda kúkì kí àwọn èèyàn tó dé ibẹ̀. Ilé ẹjọ́ ní àmì tí ẹlòmíràn ti bá ẹni fà sílẹ̀ kì í ṣe ìyọ̀ǹda. Òfin tó dára ni, ìdájọ́ tó dára sì ni. Síbẹ̀, ẹ wo ohun tó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ.

Lọ́dún 2020, Midas Nouwens àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ àpótí ìyọ̀ǹda wò lórí àwọn ojú òpó táwọn èèyàn ń lọ jù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nínú àwọn tó ń lo àpótí ilé-iṣẹ́ márùn-ún tó gbajúmọ̀ jù, 11.8 péré nínú ọgọ́rùn-ún ló kájú ìwọ̀n tó kéré jù tí òfin béèrè. Wọ́n tún dán an wò pé kí bọ́tìnì tí a fi ń kọ̀ má sí lójú ewé àkọ́kọ́ mọ́. Bí wọ́n ṣe yọ ọ́, iye ìgbà tí àwọn èèyàn gbà fi nǹkan bíi 22 sí 23 lé nínú ọgọ́rùn-ún. Ní Jámánì, ìwádìí kan tí Christine Utz àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe lọ́dún 2019 fi hàn pé bí wọ́n bá fi gbogbo àpótí sílẹ̀ láìfàmì sí wọn, tí ó wá ku ọwọ́ oníkálukú láti fi ọwọ́ ara rẹ̀ fà á, ẹni tó máa gbà kí ilé-iṣẹ́ mìíràn máa tọpa òun kò ní tó ẹnì kan nínú ẹgbẹ̀rún. Kì í ṣe ọkàn àwọn èèyàn ló yí padà nínú àwọn ìwádìí yìí. Ibi tí wọ́n gbé bọ́tìnì sí ló yàtọ̀. Ohun tí ipò bọ́tìnì bá lè sọ di bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìfẹ́ inú ẹni tó yà á ló ń sọ, kì í ṣe ìfẹ́ inú ẹni tó tẹ̀ ẹ́.

Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá mọ èyí. CNIL, àjọ tó ń dáàbò bo ìwífún ará ìlú ní ilẹ̀ Faransé, kéde lóṣù Kínní ọdún 2022 pé Google yóò san owó ìtanràn mílíọ̀nù 150 yúrò, Facebook yóò sì san mílíọ̀nù 60. Ẹ̀sùn náà kò díjú: ẹ̀ẹ̀kan péré lèèyàn ń tẹ bọ́tìnì kó tó gbà, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mélòó kan kó tó lè kọ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ yìí ní àwọn onímọ̀ tó lè sọ bí àwọ̀ bọ́tìnì ṣe ń darí ọwọ́ èèyàn. Bí kíkọ̀ bá ṣòro lójú òpó wọn, a kò lè pè é ní àṣìṣe.

Ẹnì kan lè ní kí ìjọba túbọ̀ máa bu owó ìtanràn lé wọn títí àpótí náà yóò fi di olóòótọ́. Mo fara mọ́ owó ìtanràn, àmọ́ kò lè yanjú ìṣòro náà, torí pé àpótí tó jẹ́ olóòótọ́ pàápàá kò lè gba ìyọ̀ǹda tòótọ́ lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n ń bi ní ìbéèrè kan náà nígbà ogún lóòjọ́. Lọ́dún 2008, Aleecia McDonald àti Lorrie Faith Cranor ṣírò rẹ̀ pé bí ará Amẹ́ríkà kan bá fẹ́ ka ìlànà ìpamọ́ àṣírí gbogbo ojú òpó tó ń lọ láàárín ọdún kan, yóò gbà á tó wákàtí 201. Ìyẹn ju iṣẹ́ oṣù kan lọ, ayélujára ìgbà náà kò sì tíì tó ti òní. Ìyọ̀ǹda nílò ìmọ̀, ó nílò àyè láti ronú, ó sì nílò kí kíkọ̀ má ná ẹni ní ohunkóhun. Àpótí tó dènà ìròyìn tí ẹni fẹ́ kà ní kíákíá kò ní ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ìdí nìyí tí mo fi ní bùráúsà ni ó yẹ kó dáhùn fún wa. Onílé kì í jí lóru láti dá gbogbo ẹni tó kan ilẹ̀kùn lóhùn. Ó ti sọ fún máígádì lẹ́ẹ̀kan ẹni tó lè wọlé àti ẹni tí kò lè wọlé. Bùráúsà lè ṣe iṣẹ́ yẹn. Ó lè bi wá lẹ́ẹ̀kan, ní èdè tó yé wa, nígbà tí ara wa balẹ̀, kó sì máa gbé ìdáhùn wa lọ sí gbogbo ojú òpó. Bí a kò bá tíì dáhùn, kó gbà pé a kò gbà. Bí ojú òpó kan bá wà tí a fọkàn tán, a lè ṣí ilẹ̀kùn fún òun nìkan.

A ti gbìyànjú rẹ̀ rí, a sì mọ ohun tó bà á jẹ́. Firefox gbé àmì kan tí wọ́n ń pè ní Do Not Track wọlé lọ́dún 2011. Bí èèyàn bá tan án, bùráúsà á máa sọ fún gbogbo ojú òpó pé ẹni yìí kò fẹ́ kí wọ́n tọpa òun. Àwọn bùráúsà yòókù gbà á, àjọ W3C tó ń ṣe ìlànà ayélujára sì gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí òfin tó ní kí ojú òpó gbọ́rọ̀ sí àmì náà lẹ́nu, ọ̀pọ̀ jù lọ kò sì ka á sí. Ìgbìmọ̀ náà túká lóṣù Kínní ọdún 2019 láìparí iṣẹ́. Ẹ wá fi èyí wé California. Àmì tuntun tó ń jẹ́ Global Privacy Control jáde lọ́dún 2020, òfin ìpínlẹ̀ náà sì tì í lẹ́yìn. Lóṣù Kẹjọ ọdún 2022, agbẹjọ́rò àgbà ìpínlẹ̀ náà gba mílíọ̀nù 1.2 dọ́là lọ́wọ́ Sephora, ilé-iṣẹ́ tó ń ta ohun ìṣaralóge, ara ẹ̀sùn tó fi kàn án sì ni pé kò ka àmì náà sí. Lóṣù Kẹwàá ọdún 2025, Gómìnà Gavin Newsom buwọ́ lu òfin mìíràn pé láti oṣù Kínní ọdún 2027, dandan ni kí bùráúsà ní ibi tí èèyàn ti lè tan irú àmì bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ kan náà ni àmì méjèèjì ń ṣe. Òfin ni èyí àkọ́kọ́ kò ní.

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ tẹnu àwọn tó ta ko èrò yìí. Ọ̀rọ̀ wọn tó lágbára jù ni pé ìpolówó ọjà ló ń bọ́ ayélujára ọ̀fẹ́, pé bí a bá dí ojú àwọn tó ń tọpa wa, ìwé ìròyìn àti àwọn olójú òpó kéékèèké yóò kú. Kò sí ẹni tó yẹ kó fọwọ́ yẹpẹrẹ mú ọ̀rọ̀ yìí, torí iṣẹ́ àwọn akọ̀ròyìn wà nínú rẹ̀. Àmọ́ ìpolówó ọjà yàtọ̀ sí títọpa èèyàn. Ẹni tó ń ka ìròyìn bọ́ọ̀lù lè rí ìpolówó bàtà bọ́ọ̀lù láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ ohun tó kà lánàá. Nígbà tí NPO, ilé-iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ìjọba ilẹ̀ Nẹ́dálándì, pa kúkì ìtọpa tì ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2020, owó ìpolówó tó wọlé fún un lórí ayélujára lóṣù Kínní fi 62 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti oṣù kan náà lọ́dún tó ṣáájú lọ. Mi ò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni yóò rí fún gbogbo ilé-iṣẹ́. Ohun tí mò ń sọ ni pé ikú tí wọ́n fi ń dẹ́rù bà wá kì í ṣe dandan. Òwò tí kò lè dúró àfi tí oníbàárà kò bá rí ààyè kọ̀ kò sì ní ẹ̀tọ́ kankan tó lè fi bẹ̀bẹ̀. Apple fi èyí hàn lóṣù Kẹrin ọdún 2021, nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í mú áàpù lórí iPhone béèrè ní gbangba kí wọ́n tó tọpa ènìyàn. Bọ́tìnì méjì ló wà níwájú ẹni, wọ́n sì dọ́gba. Lóṣù Kejì ọdún 2022, ilé-iṣẹ́ Meta, tó ni Facebook, sọ fún àwọn olùdókòwò rẹ̀ pé ìyípadà yẹn lè mú nǹkan bíi bílíọ̀nù 10 dọ́là lọ nínú owó tí yóò wọlé fún òun lọ́dún náà. Owó tó tó bẹ́ẹ̀ ló gbé karí àìbéèrè.

Àtakò kejì ni pé a óò kàn kó agbára kúrò lọ́wọ́ ojú òpó lọ fún àwọn tó ni bùráúsà. Òótọ́ wà níbẹ̀. Chrome ló gba ìpín tó pọ̀ jù nínú bùráúsà tí ayé ń lò, Google tó ni ín sì ń jẹun lórí ìpolówó. Lóṣù Kínní ọdún 2020, Google ṣèlérí pé láàárín ọdún méjì, Chrome kò ní gba kúkì ilé-iṣẹ́ tí a kò tọ̀ lọ mọ́. Ó sún un síwájú léraléra, ó sì pa ète náà tì lóṣù Keje ọdún 2024. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Kódà, ibi tí wọ́n pè ní Incognito nínú Chrome di ẹjọ́ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2020, torí àwọn èèyàn rò pé ẹnikẹ́ni kò rí wọn níbẹ̀, nígbà tí Google ṣì ń rí ohun tí wọ́n ń ṣe lórí ọ̀pọ̀ ojú òpó. Ilé-iṣẹ́ náà ní òun kò ṣẹ̀, àmọ́ nínú àdéhùn tí wọ́n kọ lọ́dún 2024, ó gbà láti pa ọ̀kẹ́ àìmọye àkọsílẹ̀ rẹ́. Firefox tí ọ̀pọ̀ èèyàn gbẹ́kẹ̀ lé náà tan ètò kan tó ń wọn ìpolówó fún àwọn tó ń lò ó lóṣù Keje ọdún 2024 láìbi wọ́n, wọ́n sì fẹ̀sùn kàn án ní Austria. Gbogbo èyí ló fi hàn pé kò yẹ kí a fi ìpinnu sílẹ̀ fún oore ọ̀fẹ́ oníbùráúsà. Òfin tó bá mú ojú òpó gbọ́dọ̀ mú bùráúsà náà: kó béèrè ìyọ̀ǹda fún ohun tí òun fúnra rẹ̀ ń kó, kó má sì fi ojú rere hàn sí ẹ̀ka ìpolówó tirẹ̀.

Àwọn kan á ní, kí ni èèyàn ń bẹ̀rù bí kò bá ṣe ohun burúkú? Ohun tí a kò fẹ́ kí ayé gbọ́, a kì í ṣe é. Ọ̀rọ̀ àgbà nìyẹn, àmọ́ kò bá èyí mu. Àìsàn kì í ṣe ìwà ibi, gbèsè kì í ṣe ìwà ibi, ìbẹ̀rù aboyún tó ń ka ìwé nípa oyún rẹ̀ lóru kì í ṣe ìwà ibi. Ní Nàìjíríà, a ti rí ohun tí ìwífún lè dà lọ́wọ́ ẹni tí kò bẹ̀rù Ọlọ́run. Àwọn áàpù ayánilówó kan gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tí owó ká lára láti wo gbogbo nọ́ńbà inú fóònù rẹ̀, wọ́n sì wá ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ìyàwó, ọ̀gá àti àna rẹ̀ láti dójú tì í nígbà tí kò bá rí owó san. Ọ̀rọ̀ náà burú débi pé àjọ FCCPC, tó ń gbèjà oníbàárà, fi ìlànà lélẹ̀ fún wọn lọ́dún 2022. Gbogbo àwọn tí wọ́n dójú tì yẹn ló ti tẹ “mo gbà”.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kàn wá gan-an nìyẹn. Òfin tó ń dáàbò bo ìwífún ní Nàìjíríà, tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú buwọ́ lù lóṣù Kẹfà ọdún 2023, sọ pé dídákẹ́ kì í ṣe ìyọ̀ǹda, ó sì fún wa ní ẹ̀tọ́ láti fa ìyọ̀ǹda padà. Àjọ NDPC tó ń mú òfin náà ṣẹ ti fi hàn pé òun lè bu owó ìtanràn. Lóṣù Kẹjọ ọdún 2024, ó ní kí Fidelity Bank san mílíọ̀nù 555.8 náírà, ó sì dárúkọ kúkì gẹ́gẹ́ bí ara ohun tí wọ́n fi ń kó ìwífún láìgba ìyọ̀ǹda tó yẹ. Báńkì náà kò gbà pé òun jẹ̀bi. Lóṣù Keje ọdún kan náà, FCCPC bu mílíọ̀nù 220 dọ́là lé Meta lórí WhatsApp àti Facebook, lára ohun tó sì rí ni pé wọn kò fún ọmọ Nàìjíríà ní irú àǹfààní láti kọ̀ tí wọ́n fún ará Yúróòpù. Èyí tó fún ẹni tó fẹ́ gbọ́: ilé-iṣẹ́ tó lè bọ̀wọ̀ fún ẹ̀tọ́ ẹni ní Páríìsì lè ṣe bẹ́ẹ̀ ní Ìbàdàn, bí òfin bá dúró tì í. Kò sì yẹ kí á máa ṣe àwòkọ àpótí Yúróòpù, èyí tí àwọn tó ni ín fúnra wọn ti ń wá bí wọn yóò ṣe bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa ló jẹ́ pé orí fóònù la ti ń wo ayélujára, dátà tí a fi owó ara wa rà ni àwọn tó ń tọpa wa sì fi ń gbé ẹrù wọn.

Nítorí náà, mo rọ àjọ NDPC pé kó kọ ọ́ sínú ìlànà rẹ̀ ní kedere pé àmì tí bùráúsà bá gbé wá láti kọ ìtọpa jẹ́ ìdáhùn tó lágbára lábẹ́ òfin, kó sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ojú òpó àwọn báńkì, ilé-iṣẹ́ fóònù àti ìjọba fúnra rẹ̀. Mo rọ àwọn aṣòfin wa pé kí wọ́n mú un ní dandan pé kí bùráúsà tó bá wà nínú fóònù tí wọ́n ń tà ní Nàìjíríà béèrè lọ́wọ́ ẹni lẹ́ẹ̀kan, ní Yorùbá, Haúsá, Ígbò tàbí Gẹ̀ẹ́sì, kí “rárá” sì jẹ́ ìdáhùn títí èèyàn yóò fi sọ ohun mìíràn. Ìwọ tó ń ka èyí náà, má dúró de ìjọba. Lọ sínú bùráúsà rẹ, wá ibi tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ nípa àṣírí sí, kí o sì pa kúkì àwọn ilé-iṣẹ́ tí o kò tọ̀ lọ. Firefox, Brave àti DuckDuckGo ní Global Privacy Control. Bí o bá ń lo ọ̀kan nínú wọn, rí i dájú pé àmì náà wà ní títàn. Bí ojú òpó kan bá sì kọ̀ láti jẹ́ kí o kà á àfi tí o bá gbà kí wọ́n máa tọpa rẹ, fi í sílẹ̀, kí o kọ̀wé sí wọn pé ìdí tí o fi lọ nìyẹn. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.